Orúkọ Ìyá Nìkan Ló Lọ sí Seoul

Ẹ má dá ìtàn yìí dúró lágbedeméjì. Ẹ kà á tán, kí ẹ sì fi ránṣẹ́ sí gbogbo ẹni tó ń dúró de ìbò ilé, pàápàá ẹni tí ìyá rẹ̀ ṣì ń dá gbé lábúlé.

1.
Beom-su ń fi ọkọ̀ kó ẹrù fún àwọn oníbàárà kiri Seoul. Òun, Mi-ok ìyàwó rẹ̀ àti Ga-on ọmọbìnrin wọn ń gbé yàrá kan tí ìdajì rẹ̀ wà lábẹ́ ilẹ̀. Bí o bá jókòó sídìí fèrèsé wọn, bàtà àwọn tó ń kọjá lo máa rí. Nígbà òjò, ògiri á máa rùn bí aṣọ tí kò gbẹ.

Ọdún mẹ́rìnlá ni Beom-su ti ń wọ ìbò ilé olówó pọ́ọ́kú, èyí tí ìjọba fi ń pín ilé tuntun fún àwọn tí kò nílé. Ìbò yìí ní máàkì tirẹ̀. Ọdún tó o ti fi wà láìnílé, máàkì. Iye ẹni tó ń jẹ lábẹ́ rẹ, máàkì. Bí máàkì bá dọ́gba, wọ́n á ṣẹ́ kèké. Ìlú tí ogójì ọdún iṣẹ́ kò lè ra ilé kan níbẹ̀, tó wá ní kí àwọn òṣìṣẹ́ máa fi ìyà díje, ó yẹ kí ojú tì í. Mo ti sọ ìyẹn. Ẹ jẹ́ ká padà sọ́dọ̀ Beom-su.

Máàkì márùn-ún ló kù kí tirẹ̀ tó pé. Òbí tí orúkọ rẹ̀ bá ti wà nínú ìwé ilé rẹ fún ọdún mẹ́ta, tẹ́ ẹ sì jọ ń gbé, máàkì márùn-ún géérégé nìyẹn.

2.
Ó fóònù ìyá rẹ̀ ní Goheung, létí òkun lápá gúúsù, níbi tí ìyá ti ń sá ewé òkun tà.

"Màmá, mo fẹ́ gbé orúkọ yín wá sílé mi nínú ìwé ìjọba."

"Ṣé kí n bẹ̀rẹ̀ sí í di ẹrù ni?"

"Rárá o. Orúkọ nìkan ló ń bọ̀. Tá a bá ti gba ilé, ẹ̀yin náà á wá. Yàrá yín á kọjú sí oòrùn."

Bó ṣe gbé fóònù sílẹ̀, Mi-ok ní, "Bàbá Ga-on, kí ló dé tí Màmá ò kúkú máa bọ̀? A ó fún ara wa láyè."

"Kí wọ́n wá bá mi nínú ihò yìí? Mo ti sọ fún wọn lábúlé pé àjà kẹsàn-án la wà."

"Ẹnu yín ló ń gbé àjà kẹsàn-án. Àwa yòókù wà nísàlẹ̀ níbí."

3.
Ìyá ra kúbùsù tuntun fún yàrá tó kọjú sí oòrùn, kò sì tú u nínú ọ̀rá rẹ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá yà sílé rẹ̀ ló ń fi hàn. Ìyá Chil-bok, aládùúgbò rẹ̀, á máa kí i láàárọ̀: "Ará Seoul, ẹ kú ewu ọ̀nà. Ìgbà wo lẹ dé?" Ìyá á rẹ́rìn-ín, á sì wo ojú ọ̀nà.

Lọ́dún kejì, Beom-su gbọ́ pé wọ́n ti ń yẹ ilé ìwòsàn tí àwọn òbí ń lọ wò, kí wọ́n lè mọ ibi tí wọ́n ń gbé gan-an. Ó pe ìyá.

"Màmá, ẹ má lọ sí ilé ìwòsàn yín mọ́ títí ìbò á fi jáde."

"Ojú mi òsì ń ṣú díẹ̀ ni mo ṣe fẹ́ lọ."

"Ẹ fara dà á. Ó ku ọdún kan àtààbọ̀."

"Kò burú. Ojú kan tó láti fi sá ewé òkun."

Ẹ̀yin tó ń kà á, ó gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn, ó sì lọ sùn.

4.
Lọ́dún kẹta, orúkọ Beom-su jáde. Wọ́n lọ wo àpẹẹrẹ ilé náà, Ga-on sì na gbalaja sílẹ̀ nínú yàrá kékeré kan. "Ibí ni Màmá Àgbà máa sùn." Mi-ok sunkún ayọ̀.

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, obìnrin kan nílé iṣẹ́ àyẹ̀wò ṣí ìwé kan síwájú Beom-su.

"Bàbá, ọdún mẹ́ta nìyá yín ti ń gbé lọ́dọ̀ yín?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Ọdún kan àtààbọ̀ àkọ́kọ́, Goheung ni gbogbo dókítà wọn wà. Lẹ́yìn ìyẹn, kò sí nǹkan kan mọ́. Ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́rin kò rí dókítà, kò ra oògùn. Ẹ dákun, ṣé wọ́n ṣì wà láàyè?"

"Wọ́n wà láàyè," Beom-su ní. "Goheung ni wọ́n wà."

Wọ́n gba ilé náà padà, wọ́n ní kò gbọ́dọ̀ wọ ìbò kankan fún ọdún mẹ́wàá, wọ́n sì ránṣẹ́ pe ìyá kó wá jẹ́rìí.

5.
Ìgbà àkọ́kọ́ tí ìyá máa dé ilé ọmọ rẹ̀ nìyẹn. Ojú òsì ti kú pátápátá. Dókítà tí Mi-ok mú un lọ bá sọ pé ká ní ó tètè wá ní nǹkan bí ọdún kan sẹ́yìn ni, àwọn ì bá gba ojú náà là.

Ìyá rọra táràrà sọ̀kalẹ̀ wọ yàrá abẹ́ ilẹ̀ náà, ó jókòó, ó fi ọwọ́ kan ilẹ̀.

"Ilẹ̀ yín móoru dáadáa," ó ní. "Mo lè sùn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlẹ̀kùn yẹn. Ọdún mẹ́ta ni mo fi ń retí kó o sọ pé máa bọ̀."

Lọ́jọ́ kejì, nílé iṣẹ́ ìjọba, akọ̀wé fẹ́ yọ orúkọ rẹ̀ kúrò nínú ìwé ilé Beom-su. Ìyá na ọwọ́. "Ọmọ mi, jọ̀ọ́, jẹ́ kó wà níbẹ̀. Orúkọ lásán ò gba àyè." Akọ̀wé ní òfin kò gba bẹ́ẹ̀.

Ní ibùdókọ̀, Beom-su kúnlẹ̀. "Màmá, ẹ má lọ mọ́. Ẹ jẹ́ ká jọ máa gbé."

Ìyá gbá a lẹ́yìn pẹ́pẹ́. "Ojú kan ò lè kọ́ ọ̀nà Seoul mọ́." Ó wọ ọkọ̀.

Ẹ gbọ́ o, ẹ̀yin tó ń wá máàkì kiri. Ká ní Beom-su mú ìyá rẹ̀ wọ yàrá abẹ́ ilẹ̀ yẹn ní tòótọ́ ni, máàkì márùn-ún náà ì bá jẹ́ tirẹ̀ láìpurọ́, ìyá ì bá sì ríran. A ò ní dákẹ́ fún àwọn tó sọ ilé di ohun tí à ń ṣẹ́ kèké lé lórí. Ṣùgbọ́n ẹ má fi òbí yín ṣe ìwé. Ẹ má jẹ́ kí ìtìjú ilé kékeré lé ìyá yín sẹ́yìn ìlẹ̀kùn. Ohun tí à ń wá lọ sí Sókótó, inú àpò ṣòkòtò ló wà.