Bátìrì Akínlàbí

Nígbà tí ọkọ̀ eré-ìje tí Akínlàbí àti Làmídì jọ ń tọ́jú jóná láyé ọjọ́un, Akínlàbí sọ fún gbogbo ènìyàn pé Làmídì ni kò de bátìrì rẹ̀ dáadáa. Láti ìgbà náà, kò sí ilé-iṣẹ́ tó tún na ọwọ́ ìrànwọ́ sí Làmídì.

Ìdí nìyẹn tí Mojí ọmọ rẹ̀, tó ń wa ọkọ̀ wọn nínú ìdíje àsámọ́jú yìí, fi ń polówó bó ti ń sáré. Awakọ̀ tí kò bá ní ilé-iṣẹ́ lẹ́yìn kò gbọdọ̀ dákẹ́. Bí ohùn bá dákẹ́ lórí rédíò ọkọ̀ rẹ̀, àwọn tó ṣètò ìdíje á pa iná ọkọ̀ náà.

"Ọṣẹ Àrẹ̀mú ń hó, ó ń ta sánsán," ni ohùn Mojí ń wí lórí rédíò gbogbo ìlú. "Bàbá, bátìrì ti fẹ́ tán o. Ọṣẹ Àrẹ̀mú!"

Làmídì kò ní òmíràn. Akínlàbí, tó ti di ọ̀gá nílé-iṣẹ́ ńlá, gbé ọ̀kan wá.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ gbà á, nítorí ọmọ."

"Gbé e padà."

"Inú ṣì ń bí yín?"

"Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni."

Akínlàbí gba máìkì tí Làmídì fi ń bá ọmọ rẹ̀ sọ̀rọ̀ lórí rédíò kan náà.

"Mojí, sinmi ẹnu díẹ̀, màá sọ̀rọ̀ dípò rẹ kí wọ́n má baà pa iná ọkọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbọ́ wa, ọkọ̀ tó jóná láyé ọjọ́un, èmi ni mi ò de bátìrì rẹ̀ dáadáa. Mo purọ́ mọ́ Làmídì."