Ohun Tí Ọmọ Sọ Lẹ́nu Géètì

"Wọ́n ní ọmọ yìí fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ lẹ́nu géètì ilé ìwé, pé ọkọ àbúrò mi yìí kì í ṣe bàbá òun... Wọ́n tún ní dírẹ́bà kan ni ó..."

Ẹ̀gbọ́n ìyàwó ò tíì parí ọ̀rọ̀ tí ọkọ fi yíjú sí ìyàwó rẹ̀.

"Dírẹ́bà wo?"

"Ẹ bi ẹni tó ń ròyìn! Dírẹ́bà wo ni mo mọ̀ láyé mi?"

Ọ̀rọ̀ di iṣu ata yán-an-yàn-an. Obìnrin onímọ̀ ìrònú ọmọdé tí wọ́n gbé ọ̀rọ̀ náà wá bá ní ọ́fíìsì rẹ̀ rí i pé ilé kan fẹ́ tú lójú òun, lórí àwọn àga kéékèèké tí ọmọdé ń jókòó sí. Ó gbé bọ́ọ̀lù kan sílẹ̀.

"Ẹni tó bá di bọ́ọ̀lù yìí mú nìkan ló lè sọ̀rọ̀."

Kíá, àgbà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta rọ́ lù ú. Bọ́ọ̀lù bọ́ mọ́ wọn lọ́wọ́, ó yí lọ sẹ́sẹ̀ ọmọbìnrin wọn tí ẹnikẹ́ni ò tíì bi ní nǹkan kan.

Onímọ̀ náà ní, "Ọmọ dáadáa, sọ ọ́ gẹ́lẹ́ bí o ṣe sọ ọ́."

Bàbá rẹ̀ di àga mú.

"Mo ní, 'Dádì, ẹ jọ̀ọ́, tí ẹ bá tún sọ̀ kalẹ̀ nínú mọ́tò wá jó níwájú àwọn ọ̀rẹ́ mi, màá sọ fún wọn pé dírẹ́bà wa lásán ni yín.'"