Ẹni Tó Kúnlẹ̀ Nínú Àwòrán

Ẹ sún mọ́ mi, ẹ gbé fóònù tì, ẹ fetí sí mi dáadáa o.

Mo ń wá iṣẹ́ ní ilé àwòrán kan l'Ábẹ́òkúta. Ọ̀gá ní kí n wá ṣàlàyé àwòrán ńlá kan lọ́jọ́ kejì. Tí mo bá mọ̀ ọ́n ṣàlàyé, mo ti ríṣẹ́ nìyẹn. Àwòrán ogun òyìnbó ayé àtijọ́ ni, àwọn jagunjagun orí ẹṣin tó wọ irin láti orí dé ẹsẹ̀. Ilẹ̀ ti ṣú, èmi nìkan ló kù nínú yàrá àwòrán náà. Mo kẹ̀yìn sí àwòrán náà, mo ń dánra wò bíi pé àlejò wà níwájú mi.

“Ẹ wo èyí tó kúnlẹ̀ yìí. Ẹ̀rù ti bà á, ó ń bẹ ọ̀tá ẹ̀.”

“Irọ́!”

Mo rò pé Bàbá Rájí, ọlọ́dẹ ibẹ̀, ni. “Bàbá, ẹ lọ ṣọ́ géètì yín jàre!”

Àfi bí mo ṣe gbọ́ tí Bàbá Rájí ń wúkọ́ nídìí géètì lọ́hùn-ún. Irin sì dún lu irin nínú yàrá.

“Mi ò bẹ ẹnikẹ́ni rí. Yí ọ̀rọ̀ ẹ padà.”

Ẹni inú àwòrán ló ń sọ̀rọ̀, àmọ́ inú bí mi. Iṣẹ́ mi kẹ̀! “Mi ò yí nǹkan kan padà! Ẹ kúnlẹ̀ ni, mo fojú mi rí yín. Bẹ́ẹ̀ náà ni màá wí lọ́la.”

Mo yíjú sí àwòrán kí n nàka sí i. Àwọn ẹṣin wà níbẹ̀, ọ̀kọ̀ wà níbẹ̀. Ibi tó kúnlẹ̀ sí, koríko lásán ni.

Irin tún dún, lẹ́yìn mi gan-an.

“Ó dáa. Yíjú wò mí, kó o sọ bóyá mo kúnlẹ̀.”

Tó bá jẹ́ ẹ̀yin ni, ṣé ẹ máa yíjú?