Orúnkún Bibiane

Ọjọ́rú ni hẹlikópítà máa wá gbé Bibiane lọ sí ìlú, kí dókítà lè la orúnkún rẹ̀ ọ̀tún. Pavia, ọmọ rẹ̀, ló ṣètò ẹ̀. Ọdún mẹ́fà ló ti ń fọ́ yìnyín wálé fún omi mímu ìyá rẹ̀, tí ìyàwó rẹ̀ sì ń bá a gbálẹ̀.

"Ìyà yẹn tó gẹ́ẹ́, Màmá."

"Ta ló ní ìyà ń jẹ òun? Ẹnikẹ́ni ò ní la ẹsẹ̀ mi."

"Ọ̀pá ọwọ́ yín ló sọ ọ́."

Inú abúlé ò dùn sí i. Bí òkè yìnyín tó wà ní ìpẹ̀kun ọ̀sà bá ya lulẹ̀, omi á ru dé èbúté, á sì fọ́ ọkọ̀. Ṣùgbọ́n orúnkún Bibiane máa ń ta á kí omi tó dé, wọ́n á sì ráyè wọ́ ọkọ̀ sókè.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ó pe gbogbo wọn wá mu kọfí ìdágbére. Ó bu tirẹ̀ kún dé etí, ó gbé e sí ojú fèrèsé bó ṣe máa ń ṣe. Ìyàwó Pavia fẹ́ palẹ̀ ife náà mọ́. Bibiane gbá a lọ́wọ́.

"Ẹ jókòó jẹ́ẹ́. Ẹni tó bá janlẹ̀ níbí, orúnkún mi ló jàn."

"Ọdún mẹ́fà tá ò ti jó nílé yìí!" Ulrik arúgbó ló sọ bẹ́ẹ̀.

"Ìwọ náà ò mọ ijó jó tẹ́lẹ̀."

Merete, ọmọ Denmark tó ri ẹ̀rọ mọ́lẹ̀ lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, ní kí wọ́n fọkàn balẹ̀. Bí yìnyín bá ya, ẹ̀rọ òun máa ń gbọ́ bí ilẹ̀ ṣe mì.

"Ṣé ó máa ń pariwo?" Ulrik bi í.

"Rárá, bàbá. Ó ń kọ ọ́ sílẹ̀ ni. Oṣooṣù ni mo ń kà á."

"Oṣooṣù! Ẹja á ti bímọ sínú ọkọ̀ mi!"

Wọ́n ṣì ń rẹ́rìn-ín nígbà tí Bibiane, tójú rẹ̀ wà ní fèrèsé, di orúnkún mú.

"Yéè! Ọkọ̀ yín o!"

Wọ́n sáré. Nígbà tí omi ru dé, kò bá ọkọ̀ kankan ní èbúté. Merete lọ wo ẹ̀rọ rẹ̀, ó sáré padà, ó ń mí hẹlẹ.

"Ìṣẹ́jú kan náà ni ẹ̀rọ àti orúnkún gbọ́ ọ! Bọ̀ọ̀dá Pavia, ẹ jọ̀ọ́, kí dókítà má fọwọ́ kan orúnkún yẹn."

Pavia wo ọkọ̀ rẹ̀ títí. "Ó dáa. Wọn ò là á mọ́."

Nínú ilé, Bibiane gbọ́ ariwo ayọ̀ wọn, ó ju ọ̀pá sí igun, ó jó yí tábìlì po lẹ́ẹ̀mejì, ó tún bu kọfí kún ife ojú fèrèsé dé etí, ó sì dúró tì í títí ojú kọfí náà fi pa rọ́rọ́, kó lè tètè rí i nígbà tí yìnyín bá tún ya tí kọfí náà bá gbọ̀n.