Géèjì Epo Mọ́tò Túnjí

Sofiullahi mẹkáníìkì ń yẹ géèjì epo Pijó àtijọ́ ọkọ mi wò, ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Sharjah.

Epo ló tán nínú mọ́tò yìí lójú títì Dubai.

Túnjí ọkọ mi sọ̀kalẹ̀ láti tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà. Tírélà gbá a. Ó kú.

Bọ̀dá Láńre, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, dúró tì mí.

"Mo sọ fún un pé kó tún géèjì yẹn ṣe. Adétóun, ṣebí ìwọ náà gbọ́?"

"Mo gbọ́ sà."

Sofiullahi yọ wáyà géèjì, ó fi kan irin ara mọ́tò. Ọwọ́ géèjì fò sókè.

Ó dá wáyà padà. Ọwọ́ náà wálẹ̀ sí òdo.

Ó rọ epo sí táǹkì. Ọwọ́ náà ń gòkè díẹ̀díẹ̀.

"Khalas, ó parí, àǹtí mi. Kò sí nǹkan tó ṣe géèjì yìí."

Bọ̀dá Láńre ń wo bàtà wọn.

Àwọn ni wọ́n yá mọ́tò náà lọ sí Muwaileh. Àárọ̀ ọjọ́ tí Túnjí kú ni wọ́n dá a padà.

Láàárọ̀ náà, mo fi han Túnjí pé géèjì wà ní òdo.

"Bọ̀dá ní àwọ́n ti rọ epo kún un, pé géèjì ló bàjẹ́," ló fèsì. "Ṣé kí n wá pe ẹ̀gbọ́n mi ní òpùrọ́ ni?"