Òdòdó Tíṣà Lórí Ebè Ìyá Aishat

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ràn ohun tuntun, ẹ fara balẹ̀ ka ìtàn yìí tán, ẹ má fi í sílẹ̀ láàárín. Rachael, tíṣà kan ní Ìlobù, fún aládùúgbò rẹ̀ ní òdòdó tó mọ̀ pé ó ti gbó, kó fi bo ebè ẹ̀fọ́. Nígbà tí wọ́n gba ilẹ̀ lọ́wọ́ obìnrin náà, Rachael panu mọ́.

Báwo ló ṣe bẹ̀rẹ̀? Rachael rí òdòdó kékeré kan nínú ọgbà òtẹ́ẹ̀lì ní Ìbàdàn. Wọ́n ní òkè òkun ló ti wá. Àwọ̀ rẹ̀ dà bí ìyeyè tó pọ́n. Bí oòrùn bá yọ, á là, bó bá wọ̀, á pa ojú dé. Ó já ẹ̀ka kan, ó gbìn ín sẹ́nu ọ̀nà. Kò pẹ́ tó fi gba àgbàlá, èso rẹ̀ sì ń lẹ̀ mọ́ aṣọ ẹni tó bá ń kọjá.

Aládùúgbò rẹ̀, Mùtíátù, ìyá Aishat, kìlọ̀ fún un.

"Tíṣà, tètè tu nǹkan yìí kó tó gbó o."

"Ìyá Aishat, èpò wo ló lẹ́wà tó báyìí?"

"Èpò ò kúkú mọ̀ pé èpò ni òun."

Rachael rẹ́rìn-ín, ó wọlé.

Tẹ̀tẹ̀ ni Ìyá Aishat ń gbìn ní àkùrọ̀ kan lọ́nà Ìfọ́n. Ibẹ̀ ni oúnjẹ òun àti àwọn ọmọ rẹ̀ ti ń jáde. Bàbá Àyànlọ́lá ló yá a nílẹ̀ náà, pẹ̀lú àdéhùn pé bó bá di igbó, òun yóò gbà á padà.

Bí a bá fọ́n irúgbìn tẹ̀tẹ̀, koríko gbígbẹ la fi ń bo ebè, kí oòrùn má pa á, kí adìẹ má ṣà á. Nígbà tí Ìyá Aishat ń wá koríko kiri, òdòdó ti sú Rachael. Ó ti gé e, ó ti gbẹ, èso kún orí rẹ̀. Dípò kó dáná sun ún, ó dì í sínú àpò, ó fi koríko díẹ̀ bò ó lójú, ó gbé e fún Ìyá Aishat pé kó fi bo ebè rẹ̀.

"Ọlọ́run á ṣe tìẹ náà ní rere, Tíṣà!"

Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ wo àdúrà tó gbà!

Tẹ̀tẹ̀ hù, ó tutù yọ̀yọ̀. Àfi ìgbà tí òdòdó là. Ìyá Aishat ń tu ú, ó ń hù, ó fún tẹ̀tẹ̀ lọ́rùn pa. Ó lọ bá Rachael.

"Òdòdó rẹ ni mo rí lóko mi. Báwo ló ṣe débẹ̀?"

"Ṣé kì í ṣe ìró yín ló lẹ̀ mọ́ níbí, tẹ́ ẹ fi gbé e lọ?"

Ìyá Aishat gbà á gbọ́. Àwọn èèyàn ń yà wò ó, wọ́n ń béèrè orúkọ òdòdó náà. Bàbá Àyànlọ́lá kò béèrè orúkọ.

"Ilẹ̀ ẹ̀fọ́ ni mo fún ọ, o sọ ọ́ di ọgbà òtẹ́ẹ̀lì!"

Ó gba ilẹ̀ rẹ̀.

Níbi ìpàdé àdúgbò, Ìyá Aishat kúnlẹ̀, ó ń bẹ̀bẹ̀. "Bàbá, ẹ má bínú. Ìró mi ló gbé e wá. Tíṣà ti là mí lóye."

Ọ̀rọ̀ yìí gún Rachael láyà. Ó dìde, ó kúnlẹ̀ tì í, ó ń sunkún.

"Bàbá, ẹ̀yin ará àdúgbò, irọ́ ni mo pa. Èmi ni mo di èso yẹn sínú àpò fún wọn. Ẹ dá ilẹ̀ wọn padà. Èmi ni n ó máa tu ú títí kò fi ní hù mọ́. Ìyá Aishat, ẹ foríjì mí. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbọ́ mi, ẹ má fi pàǹtí yín ṣe ẹlòmíì lóore. Ẹni tó da eérú ni eérú ń tọ̀."