Lẹ́tà sí Gómìnà Pelham

Gómìnà Pelham ń kúrò lórí àléfà ní oṣù kìíní, gbogbo Ìlá Ọ̀ràngún sì mọ ọjọ́ náà. Ní ìpínlẹ̀ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà, gómìnà tó ń lọ lè dárí ji ẹlẹ́wọ̀n. Adétúnbọ̀, ọmọ kan ṣoṣo tí Bàbá Ọlálérè bí, wà nínú ẹ̀wọ̀n níbẹ̀, ó sì ku ọdún mẹ́rìnlá kó tó jáde. Bàbá ti pé ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin.

Ilé tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn arúgbó ni Adétúnbọ̀ ní lọ́hùn-ún. Ní Kérésìmesì kan, àwọn ọmọ wá mú òbí wọn lọ sílé fún ọdún, ó wá ku ìyá kan ṣoṣo tí kò lẹ́ni. Adétúnbọ̀ ti ilẹ̀kùn, ó wọ bàálù wá sí Ìlá láti ṣí gbọ̀ngàn tó kọ́ fún ìjọ. Ọjọ́ mọ́kànlá ni wọ́n fi gbé e jó. Nígbà tó padà, ìyá náà ti kú lórí ibùsùn, kò sí omi nítòsí rẹ̀.

Ní oṣù kọkànlá, Hezekiah, alága ìgbìmọ̀ gbọ̀ngàn, wá sílé Bàbá Ọlálérè. Kàdíjátù, àbúrò olóògbé ìyàwó bàbá, gbé àga fún un.

"Bàbá, lọ́yà ní lẹ́tà yín nìkan ló kù. Ẹ̀yin lẹ ṣe akọ̀wé kóòtù, ẹ mọ̀ ọ́n kọ. Gómìnà yìí, bí ẹni ń ṣeré ló ṣe ń dárí jini. Ọ̀mùtí tó fi mọ́tò pa èèyàn méjì, ó ti tú u sílẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ìyàwó gómìnà fúnra rẹ̀ náà ti jáde."

"Kí ló ṣe fún àwọn ará ìpínlẹ̀ rẹ̀ lọ́dún mẹ́jọ tó fi jẹ gómìnà?"

"Pápá bọ́ọ̀lù kan, ó wá kọ orúkọ ara rẹ̀ sí i lára. Bí nǹkan bá bàjẹ́, á lọ sunkún lórí tẹlifíṣọ̀n. Ọ̀dẹ̀ ni! Ẹ ṣáà bẹ̀ ẹ́ dáadáa."

"Kí ni orúkọ ìyá yẹn?"

"Ìyá wo?"

"Èyí tó kú."

Hezekiah bú sẹ́rìn-ín. "Òyìnbó ẹni àádọ́rùn-ún ọdún! Bàbá, àbí ẹ fẹ́ fi ṣaya ni?"

Kàdíjátù náà rẹ́rìn-ín. Hezekiah wá orúkọ náà nínú fóònù rẹ̀, bàbá sì kọ ọ́ sílẹ̀.

Ọjọ́ mẹ́ta ló fi kọ lẹ́tà náà. Hezekiah ní kó mú un wá kí òun fi fóònù yà á ránṣẹ́. Bàbá ní ọ̀rọ̀ baba lórí ọmọ kì í ṣe ohun tí ìgbìmọ̀ ń kà. Ó lẹ̀ ẹ́ pa, ó sì fẹsẹ̀ rìn dé ilé ìfìwéránṣẹ́.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ óò fojú kàn án kí ẹ tó lọ," ni Kàdíjátù wí nígbà tó dé.

"Ọmọ kan ṣoṣo ni mo bí," ni bàbá fèsì.

Lọ́jọ́ tí gómìnà ń lọ, ó dárí ji èèyàn mẹ́tàlélógójì. Adétúnbọ̀ kò sí nínú wọn. Ìjọ pe àdúrà sínú gbọ̀ngàn, wọ́n fi Pelham gégùn-ún. Orúkọ rẹ̀ di èébú ní Ìlá. Ìyàwó tó bá fi ẹran du ọkọ, Pelham ni.

"Arúgbó kọ̀wé sí i, kò tilẹ̀ wò ó!" ni Hezekiah ń pariwo. "Ọ̀dájú!"

Bàbá Ọlálérè jókòó síta lábẹ́ igi mángòrò. Kò wọ gbọ̀ngàn náà mọ́ láti ìgbà tí wọ́n ti dájọ́ ẹ̀wọ̀n fún Adétúnbọ̀. Wọ́n ní orúnkún ló ń dà á láàmú.

Ní oṣù kẹta, èsì gómìnà dé. Bàbá kà á lẹ́ẹ̀kan, ó fi í sínú Bíbélì, kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni. Ẹ̀yìn ìgbà tí bàbá kú tí wọ́n sì sin ín ni Kàdíjátù tó rí i.

"Ọmọ yín ló wà lókè pátápátá nínú ìwé ìdáríjì mi," ni Pelham kọ, "títí lẹ́tà yín fi dé, tí ẹ ní kí n má tú u sílẹ̀."